Ọjọ́ Tí Mo Parọ́ Ẹja fún Ẹlẹ́ja

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí mo bá dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà débi pé títí di òní, bí mo bá rí ìrẹsì funfun tí wọ́n fún pọ̀ bí ìkúùkù ọmọdé, àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á bi mí pé kí ló wà nínú ìrẹsì tó ń ba géńdé ọkùnrin lẹ́rù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì ní Maiduguri ni. Mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ní 1000 Housing Estate, mo sì ń retí ìgbà tí wọ́n máa pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ wà ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, Sàlámátù lorúkọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí òun sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bó bá ń bínú sí mi, Hausa pọ́ńbélé ni. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, á po méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ fi í ṣaya, òun náà sì gbà. Bàbá rẹ̀ nìkan ló kù.

Alhaji Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà ń pe bàbá rẹ̀. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti Baga ló ń tà, ó sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní bó bá di ojú rẹ̀ méjèèjì, tó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ẹja, á sọ fún ọ bí ẹja náà ṣe pẹ́ tó lórí iná. Nígbà tí Sàlámátù dárúkọ mi fún un, kò yọ̀, kò sì bínú. Ó kàn ní:

"Nílé, gbogbo èèyàn ló ń hùwà dáadáa. Ibi tí èèyàn bá ti ń jẹun ni mo ti ń mọ̀ ọ́n. Ní kó mú mi lọ síbi tóun náà ti máa ń jẹun. Tí ọkàn mi bá gbà á, kó lọ pe àwọn èèyàn ẹ̀ wá kí wọ́n wá tọrọ ẹ. Tí ọkàn mi ò bá gbà á, shikenan, ọ̀rọ̀ tán."

Ibi tí mo ti máa ń jẹun ní tòótọ́ ni ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́yìn ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, níbi tí a ti máa ń jókòó lórí táyà mọ́tò. Ojú tì mí láti mú Alhaji lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kó rí mi bí ẹni tí ojú rẹ̀ ti là. Ilé oúnjẹ tuntun kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Post Office, ilẹ̀kùn onígíláàsì, afẹ́fẹ́ tútù tó ń fẹ́ dé ìta, wọ́n sì ya ẹja ńlá kan sára pátákó ìta rẹ̀. Ẹja! Èmi tí mò ń wá ojúure ẹlẹ́ja! Mo gbà pé Ọlọ́run ló fi hàn mí. N kò ka ìyókù ohun tó wà lára pátákó náà. Ká ní mo kà á ni, n kò ní máa kọ ìtàn yìí.

"O ti jẹun níbẹ̀ rí?" Sàlámátù bi mí.

"Àìmọye ìgbà. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ mí."

"Don Allah, mo bẹ̀ ẹ́, má parọ́ fún Baba o. Baba lè dárí ji olè. Òpùrọ́ ni kì í dárí jì."

"Ta ló fẹ́ parọ́?" Irọ́ kejì nìyẹn, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán la fi àdéhùn sí. Wákàtí kan ṣáájú àkókò náà ni mo ti débẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rù tó ń bà mí, torí kì í ṣe ẹ̀rù kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ejò yàtọ̀, èèyàn lè sá fún ejò. Èyí dà bí ẹ̀rù ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí wọ́n pín ìwé fún un, tó wá rí i pé iṣẹ́ tí òun kò kọ́ rí ni wọ́n ń bi òun. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ lù mí, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò sì ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju pé kí n wo ara mi nínú dígí, kí n sọ pé, "Fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi kò dá mi lóhùn.

Alhaji wọlé, òun nìkan. Bàbáńrígá funfun báláú ló wọ̀, fìlà zanna wà lórí rẹ̀, ó ga, ó sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì. Ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe ni mo ṣe, àmọ́ àárín ọ̀nà ni mo ti ṣe é. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ tíì lórí tíréè. Kò retí èèyàn nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ mi nídìí, mo sì gbọ́ tí gbogbo nǹkan tó gbé fọ́ gbàrà-gàdà káàkiri etí mi. Omi tíì gbígbóná ta sí mi lọ́rùn, n kò sì lè pariwo torí pé n kò tíì kí Alhaji tán.

"Ẹ káàsán, sà," mo sọ fún ilẹ̀.

"Dìde, Akọ̀wé," Alhaji ní, torí ìwé tí mo kà ló ṣe pè mí bẹ́ẹ̀. "Tó o bá fẹ́ pa èèyàn, jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná."

Wọ́n mú wa lọ síbi tábìlì kúkúrú kan tí kò ní àga, tìmùtìmù ni wọ́n tò sílẹ̀ yí i ká. A máa bọ́ bàtà. Inú Alhaji dùn sí èyí, ó ní àwọn èèyàn yìí mọ̀wà hù, wọ́n mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni oúnjẹ ti ń gbádùn mọ́ni. Èmi ni inú mi kò dùn, torí mo rántí ìbọ̀sẹ̀ mi. Bí mo ṣe yọ bàtà, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yọjú síta pátápátá, ó dúró gangan bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò.

Alhaji wò ó. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, sà." Mo jókòó lé e.

Obìnrin náà mú ìwé oúnjẹ wá. Gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀, n kò rí ọ̀kan tí mo gbọ́ rí. Mo fi ọwọ́ sí àwòrán tó tóbi jù. Ó rọra bi mí bóyá mo ti jẹ súṣì rí, oúnjẹ ará Japan tí wọ́n kọ sára pátákó ìta, pé tí mi ò bá tíì jẹ ẹ́ rí, òun á ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Alhaji yí ojú sí mi. Ẹ gbọ́, ilẹ̀kùn àánú ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ yẹn, mo sì fi ọwọ́ ara mi tì í.

"Ìgbà gbogbo ni mò ń jẹ ẹ́," mo ní. Obìnrin náà wo àtàǹpàkò mi tó tún ti yọjú, ó sì lọ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì nínú ìwé. Alhaji yọ tirẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Kí la fi ń ṣe èyí, Akọ̀wé?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹnu èèyàn dúró de orí rẹ̀. "Igi ìtayín ni, sà. Tá a bá jẹun tán, a máa fi ta eyín."

"Igi yìí? Eyín ta ni? Ti ràkúnmí?" Ó rọra gbé e sílẹ̀. Nídìí tábìlì tó kọjú sí wa, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Igi méjì yẹn ni wọ́n fi ń mú oúnjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ sẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Alhaji wò wọ́n títí, ó wá wò mí. "Àwọn yẹn ń fi ìtayín jẹun," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní bóyá ebi ló ń pa wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ dé lórí pákó gígùn kan. Ìrẹsì tí wọ́n fún pọ̀ ni, wọ́n fi nǹkan dúdú wé òmíràn bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó jóná, wọ́n sì tẹ́ ẹja pupa rírẹ̀dòdò lé òmíràn lórí. Omi dúdú kan wà nínú abọ́ kékeré. Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, wọ́n tún bu nǹkan aláwọ̀ ewéko kan, ó tó ṣíbí kan, ó tutù, ó ń dán. Mo dúró kí Alhaji kọ́kọ́ mú, torí ọmọdé kì í ṣáájú àgbà nídìí oúnjẹ. Alhaji náà káwọ́. A wo ara wa.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, Baba."

"Haba! Nílé wa, ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àbí wọn ò kọ́ ẹ nílé?"

Wọ́n kọ́ mi. Mo wo orí pákó, mò ń wá ohun tí kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Nǹkan aláwọ̀ ewéko yẹn dà bí píà tí wọ́n tẹ̀, ẹni tó bá sì mọ píà mọ̀ pé kò léwu. Mo fi ìka bu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sọ ọ́ sẹ́nu.

Mo ti jẹ ata rí. Ata tiwa a máa jó ahọ́n, èèyàn á fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu, á mu omi, á parí. Ata tiwọn yìí kò ya ọ̀dọ̀ ahọ́n rárá. Ó gba ihò imú lọ tààrà, ó gun orí, ó wá ń kan agbárí mi látinú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò. Etí mi di. Mo rò pé mo ń kú, ohun tó sì ká mi lára jù ni pé iwájú bàbá ìyàwó ni mo fẹ́ kú sí, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó ya.

"O ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni, sà."

"Ó dùn tó bẹ́ẹ̀?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Alhaji wò mí tìyanu-tìyanu, ó fi ìka gbé tirẹ̀, ó nà án sí mi. "Madalla, ó dára gan-an. Ohun tó dùn mọ́ ọmọ tó báyìí, èmi àgbà kì í bá a dù ú. Gba tèmi kún un."

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ ní ilé Yorùbá, ẹ sọ fún mi, báwo ni èmi ṣe fẹ́ sọ fún àgbà tó na oúnjẹ sí mi pé n kò jẹ? Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo dúpẹ́. Mo jẹ ẹ́. N kò ní sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́ẹ̀kejì, torí n kò rí nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí ojú mi là, Alhaji ti mú ọ̀kan nínú àwọn tó ní ẹja pupa lórí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹja náà. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹja yìí mà rọ̀ o. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?"

"Èéfín ni, sà," mo ní, torí mo mọ̀ pé ẹja oléèéfín ló ń tà, mo sì rò pé ìyẹn á dùn mọ́ ọn.

"Èéfín? Èéfín igi wo?"

"Igi... igi òyìnbó, sà."

"To, ó dáa. Tọ́ ọ wò kí n rí ẹ."

Mo mú tèmi, mo jẹ ẹ́. Ó tutù. Ó ń yọ̀. Eyín mi kò tíì kan án tán tí mo fi mọ̀: iná kò tíì dé ibi tí ẹja yìí wà rí láyé rẹ̀. Ẹja náà wà lẹ́nu mi, kò wọlé, kò jáde.

Alhaji rẹ ohùn sílẹ̀. "Akọ̀wé, ṣé ó jinná? Kì í ṣe pé mò ń ṣe yàǹgà o. Láti àwẹ̀ tó kọjá ni ọgbẹ́ inú ti ń bá mi jà. Dókítà ní ohunkóhun tí kò bá jinná dénú, mi ò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn mi. Mo rí Alhaji lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Mo rí Sàlámátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi Hausa pọ́ńbélé bi mí pé kí ni mo fún bàbá òun jẹ. Bí mo bá sọ òtítọ́, òpùrọ́ ni mí, Sàlámátù ti lọ. Bí n kò bá sọ ọ́, Alhaji lè lọ, Sàlámátù á sì tún lọ. Bí mo ṣe ń wo ọ̀nà méjèèjì báyìí, ni mo bá gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Ó jinná, Baba."

"Bísímílláhì," Alhaji ní. Ó gbé ẹja náà lọ sẹ́nu.

N kò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Ọwọ́ mi ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ àgbà, nídìí oúnjẹ, èmi! Orúnkún mi gbá abọ́ omi dúdú, gbogbo rẹ̀ sì dà sórí bàbáńrígá funfun yẹn, láti àyà dé itan.

"Ẹ má jẹ ẹ́!" mo ké. Ẹja fò jáde lẹ́nu mi. "Wọn ò sè é! Mi ò mọ̀ ọ́n! Mi ò wọ ibí yìí rí láyé mi!"

Ọkùnrin ìdí tábìlì kejì gbàgbé igi sẹ́nu. Èmi kò lè dákẹ́ mọ́, torí òtítọ́ tí mo ti ń tì mọ́lé láti àárọ̀ ti já ilẹ̀kùn. Mo jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìtayín. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí igi òyìnbó. Mo jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń jẹ ẹ̀wà lórí táyà. Mo tún jẹ́wọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi mí, pé ní ọdún kejì, iṣẹ́ Sàlámátù ni mo dà kọ tí mo fi yege kọ́ọ̀sì kan.

Alhaji dá ẹja náà padà sórí pákó. Ó wo aṣọ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. N kò tíì rí ẹni tó ń nu ọwọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Akọ̀wé, kí ni mò ń tà lọ́jà?"

"Ẹja, sà."

"Ẹja. Ẹja tí iná bá kàn, ẹran ara ẹ̀ á máa ya. Èyí lẹ̀ mọ́ra bí ọṣẹ. Bí wọ́n ṣe gbé pákó yìí dé ni mo ti rí i. O wá sọ fún èmi, èmi ẹlẹ́ja, nípa èéfín igi òyìnbó."

"Baba, ẹ wá fẹ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi? Kai! Orí mi ò dàrú. Mo kàn fẹ́ mọ bí ọwọ́ mi ṣe máa súnmọ́ ẹnu tó kó o tó sọ òtítọ́." Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan wọn àlàfo kékeré hàn mí. "Ó ku báyìí."

Mo jókòó. Mo ń retí shikenan yẹn, bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń retí ìdájọ́.

"O pẹ́ kó o tó sọ ọ́," Alhaji ní. "Ìyẹn ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó o wá sọ ọ́, o mọ̀ pé o lè pàdánù ọmọ mi, síbẹ̀ o ò jẹ́ kí ọgbẹ́ inú mi tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Sátidé mẹ́ta, wá jókòó ti ẹja lọ́jà. Àwọn oníbàárà á máa bi ẹ́ ní nǹkan. Èyí tó o bá mọ̀, sọ ọ́. Èyí tí o ò bá mọ̀, ní o ò mọ̀. Tí mo bá gbọ́ èéfín igi òyìnbó kan níbẹ̀, má wá mọ́."

Mo lọ. Òórùn ẹja wọ awọ ara mi, àbúrò bàbá mi sì ní kí n máa jẹun níta. Ní Sátidé àkọ́kọ́, obìnrin oníbàárà kan bi mí ní ìbéèrè mẹ́fà, mo sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́fà pé n kò mọ̀, kó jẹ́ kí n pe Alhaji. Ó ní, "Kí lo wá mọ̀ gan-an?" Mo ní, "Mi ò mọ ìyẹn náà, mà." Mo gbọ́ ẹ̀rín Alhaji láti ẹ̀yìn àpò ẹja. Ní Sátidé kẹta, ó di ẹja mẹ́ta fún mi, ó ní kí n gbé e fún àbúrò bàbá mi, kí n sì sọ fún un pé ilé òun ní Galtimari kò ṣòro láti rí.

Àwọn èèyàn mi lọ. Wọ́n kí, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Alhaji wá pè mí síwájú gbogbo ẹbí méjèèjì, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé wàá lè tọ́jú ọmọ mi?"

Gbogbo èèyàn mọ ìdáhùn tó yẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù àtijọ́ yẹn gbá mi mú, mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n màá gbìyànjú."

Àbúrò bàbá mi di orí mú. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní "Yéè!" Sàlámátù fi ìbòrí bo ojú. Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà zanna fi yẹ̀ lórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà. Mo ti gbà á."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro. Ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ló máa jẹ. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ tí kò mọ̀, á jẹ ìtìjú náà, á sì tún jẹ ohun mìíràn kún un. N kò lè sọ pé ẹ̀rù kì í bà mí mọ́, ó ń bà mí dáadáa. Àmọ́ bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ṣe ara rẹ̀ léṣe tí kò rí ẹlòmíràn tí yóò dá lẹ́bi, omi á sì tún bọ́ lójú mi. Ẹ má bi mí bóyá ayọ̀ ni.